Òwú Inú Ikùn Ìyá Mi

Ìyá mi kì í gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Ní ìparí oṣù kẹta, ìfun rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n là á níkùn, wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì fi òwú rán ojú rẹ̀ pọ̀. Lọ́jọ́ tó ń darí bọ̀ wálé, dókítà kìlọ̀ fún un pé kó má bẹ̀rẹ̀, kó má gbé ẹrù, kó má sì fẹsẹ̀ tẹ oko títí inú náà yóò fi jiná. Ìyá mi tẹrí ba fún un dáadáa.

"Ẹ ṣeun, Dókítà. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi."

Bí a ṣe wọ mọ́tò tán ló yíjú sí mi.

"Ṣé ọmọ yẹn rò pé létúùsì máa ń dúró de aláìsàn ni?"

Nemoto Tokie lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi Teruhiko, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni mo ń dáko náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Létúùsì là ń gbìn, bí ọ̀pọ̀ àwọn ará àdúgbò wa ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Ibaraki. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ ìyá mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn ni òwú tí wọ́n fi rán an. Wọ́n ní kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa yọ ọ́. Bí ẹran ara bá ti so pọ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ara.

"Òwú tó mọ ìgbà tó yẹ kóun máa lọ sílé," ni ìyá mi wí. "Ó mà sàn ju àlejò lọ o."

Wakana ìyàwó mi kì í bá wa roko. Òun a máa wa mọ́tò lọ sí ìlú Tsukuba láràárọ̀, sí ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń sin ìwúkàrà. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń po ọtí sáké o. Orí ewé ìrẹsì ni wọ́n ti rí tiwọn, níbi tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, tó ń lá ìda tó ń dán lára ewé. Itọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ló fi ń yọ́ ìda náà kó tó gbé e mì. Àwọn ẹgbẹ́ Wakana ṣàkíyèsí pé itọ́ kan náà ń jẹ ọ̀rá dúdú tí àwa àgbẹ̀ fi ń bo ebè, irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè jẹrà. Ọ̀rá yẹn yẹ kó jẹrà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń jẹrà. A ó kórè tán, a ó fẹ́ tún ilẹ̀ ro, á sì lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ katakata bí ìfun ewúrẹ́. Ìyẹn ni wọ́n fi fẹ́ omi tí a lè fín lé e lórí lónìí, kó sì ti di jákujàku lọ́la.

Ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ ni pé itọ́ náà kì í tọ́jọ́. Oòrùn ọ̀sán kan péré, ó ti kú. Bó bá pẹ́ nínú ìgò, ó ti kú. Wakana wọ inú àbùdá ìwúkàrà náà lọ, ó ń tún un tò, ó ń tún un tú, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Teru, kò kú! Mo gbé e sínú ooru títí ilẹ̀ fi ṣú, kò kú!"

Èmi náà bá a yọ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

"Ìwúkàrà àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ń po ọtí fáwọn èèyàn, tìẹ ń jẹ ìdọ̀tí. Ìyàwó, ọmọ wo lo bí yìí?"

"Ọmọ tó máa gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rá kíká ni, Màmá."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa dàgbà."

Oko wa ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò níta. Wọ́n ti sẹ́ ìwúkàrà gan-an kúrò, kò sí èyí tó wà láàyè nínú ohun tí wọ́n gbé wá, àfi omi rẹ̀ nìkan, tó rí bíi tíì tí wọ́n ti bu omi mọ́ jù. Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù kẹrin. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi súgì lọ bọ̀, gbogbo wa ló ń sín. A wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Mo ti sọ fún ìyá mi láàárọ̀ pé kó dùbúlẹ̀.

"Mo ti dùbúlẹ̀," ló wí, ó sì dùbúlẹ̀ lóòótọ́ títí a fi jáde.

Èmi àti Wakana wà ní ìkángun oko lọ́hùn-ún, ariwo ẹ̀rọ tó ń fín omi náà kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan. Ìyá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọ oko láti gé àwọn létúùsì tó ṣẹ́ kù létí ebè, ó ní kóun kó o fún Bàbá Isoyama, aládùúgbò wa. Ibi tó dé gẹ́lẹ́ ni oríkèé rọ́bà tó ń gbé omi Wakana lọ sínú ẹ̀rọ ti já. Omi náà ń tú sílẹ̀ yàà. Obìnrin tí kò lè wo ohunkóhun kó máa ṣòfò, ó ki rọ́bà náà mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì ń tì í bọ ara wọn. Omi náà ti rin ín láti ọrùn dé orúnkún kó tó rí i dí. Ó wọlé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó yọ báńdéèjì tó ti tutù, ó fi òmíràn lẹ ikùn ara rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó mọ̀ pé a máa bínú pé ó lọ sóko.

Ìgbà tí a ń jẹun ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó ti bu ọbẹ̀ míso fún wa, ó ti fọwọ́ ṣù ìrẹsì. Ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ tẹ ikùn.

"Ibí yìí ń yún mi. Dókítà ní bó bá ń yún èèyàn, ó ń jiná nìyẹn."

Wakana gbé ojú sókè. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn ìyá mi ló ń wò, ibi tí épírọ́ọ̀nù rẹ̀ wà lórí okùn ìsáṣọ. Jákujàku ọ̀rá dúdú láti orí ebè lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń kán bọ́ sílẹ̀ bí eérú tó mu omi.

"Màmá, ẹ lọ sóko?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá. Ṣé omi yẹn kàn yín?"

"Omi lásán ni. Rọ́bà yín ló já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ò mọ rọ́bà so."

Wakana dìde débi pé ìjókòó rẹ̀ ṣubú. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, ó bẹ̀ ẹ́ kó gbé aṣọ sókè, ó ṣí báńdéèjì náà. Láti òkè wá, ojú iṣẹ́ abẹ náà dára, ó tò bí ojú ìránṣọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti la ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ kò dà. Ó kàn là ni, bí ẹnu ọmọ ọwọ́ tó ń sùn. Orí òwú kan yọ níbẹ̀. Wakana fi òwú ìnu-ọgbẹ́ tútù kàn án pẹ́rẹ́, òwú ìránra náà sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wá, ó rọ̀ bíi nódù tí wọ́n gbàgbé sínú omi gbígbóná.

Mo rí i tí ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ìyàwó mi. Ó rọra bo ọgbẹ́ náà, ó ní kí ìyá mi fẹ̀yìn lélẹ̀, kó má mira. Lẹ́yìn náà ló fà mí wọ ilé ìdáná.

"Teru, ohun kan náà ni."

"Kí ni ohun kan náà?"

"Òwú tó wà nínú Màmá àti ọ̀rá tó wà lórí ebè. Ìdílé kan ni wọ́n. Ohun tó ń jẹ tibí lè jẹ tọ̀hún."

"Ṣùgbọ́n awọ òkè nìkan ló ṣí."

"Èyí tí ojú wa rí nìyẹn. Wọ́n rán awọ, wọ́n rán ìṣù ẹran tó di ikùn mú, wọ́n sì rán ìfun fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó dé." Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. "Mi ò mọ ibi tó dé, Teru."

Láti inú yàrá, ìyá mi sín.

Mi ò tíì gbọ́ ohun tó bà mí lẹ́rù tó sísín yẹn rí. Àwa méjèèjì dúró, a ń retí igbe. A ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ìyá mi ké sí wa.

"Ṣé ẹ ẹ̀ jẹun mọ́ ni? Ọbẹ̀ ń tutù!"

A na ìjókòó mọ́tò sẹ́yìn, a tẹ́ ẹ sí i. Èmi ni mo wakọ̀. Wakana jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e níkùn bí ẹni di ìdérí ìkòkò mú. Mo ti gbogbo fèrèsé pa. Ọ̀nà ilé ìwòsàn gba ẹ̀gbẹ́ ojúbọ tí igi súgì tò sí, afẹ́fẹ́ kọlù wọ́n, lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ìyeyè sì ń rú jáde lórí wọn bí èéfín. Mo rò pé kí n yípadà. Kò sí ọ̀nà míì.

"Màmá, ẹ má sín o," ni Wakana ń wí. "Bó bá fẹ́ wá, ẹ fún imú yín pa."

"Ṣé èmi ni mò ń pè é ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

"Wò ó, ojú ẹ funfun bíi tófù. Ṣé èmi ni aláìsàn ni àbí ìwọ?"

Wakana sọ fún un nígbà náà. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ṣàlàyé òwú, ó ṣàlàyé omi, ó ní òun lòun ṣe é, òun sì ṣe é kó lágbára. Mo ń wo ìyá mi nínú dígí. Ó gbé ojú sí òrùlé mọ́tò, ó sì rọra fi ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ Wakana lórí ikùn náà, bóyá láti tù ú nínú ni o, bóyá láti bá a dì í mú ni, mi ò lè sọ.

Dókítà Mizoguchi tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọjọ́sí ló gbà wá. Ọkùnrin tó ṣì kéré ni, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí Wakana kọ́kọ́ ń ṣàlàyé, ó ń mi orí bí ẹni tó ń fún ọmọdé láyè kó rojọ́ tirẹ̀ tán.

"Ìyá, ọgbẹ́ máa ń ṣí díẹ̀ báyìí nígbà míì, pàápàá bí aláìsàn bá lọ sóko," ló wí.

Wakana ní kó fún òun ní irú òwú tó fi rán awọ náà gan-an. Dókítà ya ọ̀kan nínú bébà rẹ̀, ó nà án sí i. Ìyàwó mi yọ ìgò kékeré kan nínú àpò, èyí tó bù láti inú ẹ̀rọ ìfínmi. Ó da díẹ̀ sínú ife, ó fi òwú sí i, ó sì di ife náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kó lè gba ooru ara. Bí ìyẹn ṣe ń lọ lọ́wọ́, dókítà ń yẹ ìyá mi wò, ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún. Nígbà tó yá, Wakana fi ìgbámú fa òwú náà sókè. Ìdajì rẹ̀ ló jáde. Ìdajì tó kù wà nínú omi, ó ń ṣí lọ bí irun.

Dókítà Mizoguchi wò ó. Ó jókòó.

"Ẹ dákun, ìgbà wo ni agbára rẹ̀ máa tán?"

"Kì í tán bọ̀rọ̀. Bá a ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn."

"Ooru ara ńkọ́? Kò ní í pa á?"

"Ooru ara èèyàn gan-an ló wù ú jù." Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò ní í pa ẹran ara lára, Dókítà. Òwú nìkan ló ń wá."

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé òwú awọ ni èyí. Òwú tó di ìṣù ẹran ikùn mú jẹ́ oríṣi mìíràn, tó nípọn jù ú lọ. Ti ìfun náà sì tún yàtọ̀. Bí ti ìṣù ẹran bá já, ìfun lè tú síta. Bí ti ìfun bá já, ohun tó wà nínú ìfun yóò dà sínú ikùn, obìnrin tó ti dàgbà báyìí kò sì ní í là á já. Àwòrán inú ikùn rẹ̀ tí wọ́n yà kò fi nǹkan kan hàn. Kò fẹ́ tún la ìyá arúgbó lórí àbá lásán. Ó ní kí Wakana kó oríṣi òwú méjèèjì yẹn lọ sí Tsukuba, ibi tí ẹ̀rọ wọn wà, kó dán wọn wò dáadáa nínú omi náà, kó sì fi fóònù sọ èsì fún òun.

Wakana ò fẹ́ lọ. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó ń wo ìyá mi bí ẹni tó ń wo ilé tó ń jó.

"Ìyàwó, lọ," ni ìyá mi wí. "Ọmọ ẹ ló ń dà mí láàmú. Ta ló máa mọ ìwà ẹ̀ jù ẹ́ lọ?"

Èmi ló kù tì í. Nọ́ọ̀sì fún un ní ìrọ̀rí kan, ó ní bí sísín tàbí ikọ́ bá ń bọ̀, kó dì í mọ́ ikùn gírígírí. Ó fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí imú dà. Oògùn yẹn kì í tètè ṣiṣẹ́. Mo jókòó, mò ń wo imú ìyá mi. Bó bá ti dijú bí ẹni tó fẹ́ sín báyìí, mo ti nawọ́ sí ìrọ̀rí. Mo fi aṣọ ìnura tútù nu irun rẹ̀ torí lẹ́búlẹ́bú òdòdó, mo nu ọrùn rẹ̀, mo bọ́ ẹ̀wù tèmi sí ìta wọ́ọ̀dù, mo jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, Bàbá Isoyama yọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ló sọ fún un. Ó gbé sítóbẹ́rì lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò lè kí èèyàn láì pa onítọ̀hún lẹ́rìn-ín. Mo sáré dínà mọ́ ọn.

"Bàbá Isoyama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín."

"Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín? Ta ló kú?"

"Ikùn rẹ̀ lè ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá."

Ojú bàbá náà yí padà. Ó na ọrùn, ó wo ìyá mi lókèèrè, ó sì tẹrí ba fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó wá síbi òkú. Irú ìbọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Isoyama! Ìyá mi wò ó, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Lé e lọ," ló ń wí, ó ti ń di ìrọ̀rí mọ́ra. "Teruhiko, lé e lọ. Ó fẹ́ pa mí."

Mo tì í jáde. Nígbà tí mo padà, ìyá mi ti gbé ìrọ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mo rò pé ẹ̀rín ló fà á. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kò sọ ọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì tí òrùlé wa já, kò sọ ọ́ nígbà tí bàbá mi ń kú lọ. Mo mú un lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi.

"Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ẹ máa rò pé òun ló pa mí," ló wí. "Bí mo bá kú, sọ fún un pé èmi ni mo lọ sóko. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ ò ní í kú."

"Mo ní ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Fóònù mi dún. Wakana ni. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èémí ń já a lẹ́nu.

"Ti ìfun ò ṣe nǹkan kan. Ó le kọ̀ǹkọ̀, mo fà á títí, kò já. Ṣùgbọ́n ti ìṣù ẹran, Teru, ó ń rọ̀. Kò tíì já, ṣùgbọ́n mo rí i nínú awò, ara rẹ̀ ti ń di jákujàku. Sọ fún dókítà pé..."

Ìyá mi sín lẹ́yìn mi.

Ó ti di ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn sísín náà, kò mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, ó ń wò mí.

"Ohun kan já," ló wí, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ fún mi pé òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé ìrọ̀rí kúrò. Omi pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti gba báńdéèjì kọjá, ó ń ràn lórí aṣọ ibùsùn. Mo ké. Mi ò mọ ohun tí mo ké. Àwọn nọ́ọ̀sì rọ́ wọlé, wọ́n da aṣọ rírin tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ bò ó, wọ́n ti ibùsùn náà sáré jáde, táyà rẹ̀ ń han. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, ohùn Wakana sì ń jáde nínú rẹ̀.

"Teru! Teru! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ."

"Gbọ́ mi. Gbọ́ mi! Wọn ò gbọdọ̀ fi òwú tó ń yọ́ rán an mọ́. Omi yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún fi irú ẹ̀ rán an, ó máa tún jẹ ẹ́. Náílọ́ọ̀nù! Ní kí wọ́n lo náílọ́ọ̀nù! Sáré!"

Mo sáré. Mo lé ibùsùn náà bá níbi ìlẹ̀kùn onígíláàsì. Dókítà Mizoguchi ti ń fọwọ́. Mo ń pariwo mọ́ ọn bí wèrè, "Náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù," títí nọ́ọ̀sì kan fi gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó gbé e sí i létí. Ó gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ó yé mi. Kí ni ká fi fọ ibẹ̀?" Ó tún gbọ́. Lẹ́yìn náà ìlẹ̀kùn pa dé mọ́ wọn.

Wakana dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó ṣì wọ aṣọ funfun iṣẹ́ wọn. Ó jókòó sí ìkángun àga gígùn kejì, kò jókòó tì mí. Mo pè é. Ó mi orí.

"Ó lè wà lára mi," ló wí. "Mi ò mọ̀. Ó lè wà lára mi."

Ó lọ fọ ọwọ́, ó padà, ó tún lọ fọ ọ́. Mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà títí.

Nígbà tí dókítà jáde, ó yọ fìlà, irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ó ní ìyá mi wà láàyè. Kókó òwú tó wà nísàlẹ̀ ìṣù ẹran ikùn ti yọ́, àwọn tó wà lókè wọn sì ti ń rọ̀. Ìfun kò tíì jáde, omi náà kò sì dé inú ikùn lọ́hùn-ún. Wọ́n fi omi oníyọ̀ ṣan ibẹ̀, wọ́n tún un ṣan, wọ́n yọ gbogbo òwú àtijọ́ tí ọwọ́ wọn tẹ̀, wọ́n sì fi náílọ́ọ̀nù rán an.

"Bí ẹ ò bá pè, òwú kan náà ni ǹ bá tún lò," ló wí fún Wakana. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi dúpẹ́ ni. Wakana tẹrí ba débi pé mo rò pé ó fẹ́ ṣubú.

Ìyá mi pẹ́ nílé ìwòsàn. Ibà mú un, ó fi í sílẹ̀, ó tún mú un. Láràárọ̀ tí wọ́n bá ṣí báńdéèjì, gbogbo wa á máa wo àwọn kókó náílọ́ọ̀nù dúdú yẹn bóyá wọ́n ṣì wà. Wọ́n wà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lè jókòó, ó ní kí Wakana wá. Ìyàwó mi ò tíì sún mọ́ ibùsùn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ìdí ìlẹ̀kùn ló máa ń dúró sí.

"Wọ́n ní náílọ́ọ̀nù yìí máa bá mi dé ibojì," ni ìyá mi wí. "Tí wọ́n bá sun mí tán, ẹ wá a nínú eérú. Ọ̀rá tí kì í jẹrà ló gbà mí sílẹ̀. Kí lo rí sọ sí i?"

Wakana bú sẹ́kún. Ìyá mi ò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó fi í sílẹ̀ kó sun ún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló ní kó bá òun bó èso kan.

Nílé iṣẹ́ Wakana, ó sọ ohun gbogbo, wọ́n sì dá fífín náà dúró níbi gbogbo. Àwọn kan níbẹ̀ ń wò ó bí ẹni pé ó fọ́ ohun tí gbogbo wọn jọ mọ. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi ló sọ pé kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀, ó ní ẹni tó bí ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́, òun ló yẹ kó kọ́ ọ. Ó padà sínú àbùdá ìwúkàrà náà. Ohun tó ń wá báyìí ni omi tó máa kú láṣàálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fín in. Kò tíì rí i.

Ní oṣù kẹfà, mo tún ilẹ̀ ro láti gbin àgbàdo. Mo ti fi katakata yí ilẹ̀ náà padà, òjò sì ti rọ̀ sí i dáadáa. Mo tẹ́ ọ̀rá tuntun lórí ebè. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, gbogbo oko dára, àfi igun kan lápá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí rọ́bà ti já. Ihò wẹ́wẹ́ ti kún inú ọ̀rá náà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó ya láìdún.

Mo pe Wakana. Ó wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó bu erùpẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò, ó sì dé e. Kò wò mí lójú.

"Ó ṣì wà láyé?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe ẹ̀mí ló ní, Teru. Kò sí ohun tó máa kú níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀."

A fi igi gún igun náà yí ká, a sì fi okùn sí i. Kò sí ẹni tó ń wọ ibẹ̀. Kò sí ọ̀rá níbẹ̀, nítorí náà koríko ti kún un bí irun orí wèrè, ìyá mi sì ń jókòó lójú fèrèsé láràárọ̀, ó ń wò ó, ó ń pòṣé. Bó bá ti dìde dúró báyìí, kódà bó jẹ́ omi ló fẹ́ lọ mu, ibi yòówù kí n wà nínú oko, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wálé.